Ìbò Kò Gbọdọ̀ Wọ Yàrá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Asùnmáparadà, ọmọ ọmọ mi,

Onígbàjámọ̀ tó háyà yàrá iwájú ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Orí àga tó fi ń gẹrun fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ó fẹ́ fi aṣọ funfun rẹ̀ bò mí lọ́rùn. Mo ní kó ká a kúrò, mi ò wá gẹrun.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé etí rẹ jẹ? Àwa wà. Orúnkún mi ń ké, mo sì ń dá a lóhùn.

Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Lórí fóònù, ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ parí. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ á ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Onígbàjámọ̀ á kọ ọ́, á yà á ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Bí èsì rẹ bá dé, á kà á sí mi létí.

Ó dáa, kí lo sọ fún bàbá rẹ? Wọ́n ní orí fóònù tí gbogbo ẹbí ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lo kọ ọ́ sí, pé ẹni tó bá máa dìbò fún ẹgbẹ́ Alákàbà, kò ní làákàyè. O sì mọ̀ pé Alákàbà ni bàbá rẹ. Ó ti lẹ àwòrán àkàbà mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ tipẹ́. Ó dá ọ lóhùn pé, "Ẹni tí kò ní làákàyè ló bí ọ, òun náà ló rán ọ nílé ìwé," ó sì jáde kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí o bá ti pè é, á dojú fóònù dé orí tábìlì, á máa fá pákó rẹ̀ lọ.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìbò. Ẹni tó gun àkàbà á sọ̀ kalẹ̀. Ẹgbẹ́ Aláago tìrẹ náà, bátìrì rẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan. Ìbò gan-an, o ò ní rí i dì níbi tó o wà. Ìjà nìkan lo rí jà. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa. Ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìjà yìí dé ọjọ́ náà, ẹnì kan nínú yín á borí. Ẹni tó borí ò ní lè tọrọ àforíjì mọ́, ẹni tó pàdánù ò sì ní lè gbà á. Bá bàbá rẹ parí rẹ̀ kó tó dìgbà náà.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, àfi ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ sùn.

Èmi ìyá bàbá rẹ.

Èmi Onígbàjámọ̀ ni mo fi èyí sí i. Àǹtí, Aláago lèmi náà o. Ẹ má fara balẹ̀ rárá. Wọ́n ní Alákàbà ti ń kó àpótí ìbò pamọ́ síbi kan. Bí ẹ bá rí ohun tí mò ń rí, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá. Màmá ò mọ̀ pé mo kọ ọ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Màmá àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí orúnkún yín náà. Iṣẹ́ ń lọ. Aṣọ àwọn ilé ìtura là ń lọ̀ níbi tí mo wà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí àwọn àlejò sùn lé àti aṣọ tábìlì tí wọ́n da ọbẹ̀ sí. Ooru áyọ́ọ̀nù ni mo fi ń lé òtútù, ẹ má fòyà nítorí etí mi.

Ní ti Bàbá, mi ò bú wọn. Mo sọ̀rọ̀ gbogbogbò ni, àwọn ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Ṣé kéèyàn máa wo ìlú tó ń bàjẹ́, kó máa rẹ́rìn-ín ni? Gbogbo ìgbà ni mò ń ka ìròyìn. Mo máa ń kà á kí n tó fọ ẹnu, mo máa ń kà á nínú bọ́ọ̀sì, abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù ń sùn. Bó bá ti gbọ̀n báyìí, àyà mi náà á gbọ̀n. Èmi tí ẹ sọ ní Asùnmáparadà, mò ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bí ẹja lórí iná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Onígbàjámọ̀ léèrè, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àpótí ìbò tó kọ sí mi? Bí kò bá dá a lójú, ẹ ní kó má kọ irú ẹ̀ mọ́. Àtìgbà tí mo ti kà á ni mi ò ti rí oorun tó nílàárí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìíní

Asùnmáparadà,

Onígbàjámọ̀ ló ń kọ ọ́. A ti gbọ́ èsì rẹ. Ó kúrú. Onígbàjámọ̀ tẹjú mọ́ ọn títí, ètè rẹ̀ ń mì, mi ò gbọ́ ohùn. Mo ní ṣé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó ní ìkíni ni ìyókù.

Ọ̀rọ̀ gbogbogbò kọ́ lo sọ. Bí o bá ju òkúta sí àárín àgbàlá, tó sì jẹ́ pé bàbá rẹ nìkan ló dúró níbẹ̀, orí ta lo fẹ́ kó bà? Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Má dúró máa ṣàlàyé bó ṣe fọ́. Sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹnu mi ló ṣáájú orí mi." Ó tán. Má fi nǹkan kan lé e.

O ní o ò sùn. Kí lo wá gbé fóònù wọ abẹ́ ìrọ̀rí fún? Ṣé ẹyin ni, tó o fẹ́ sàba lé e?

Èmi ìyá bàbá rẹ.

Èmi Onígbàjámọ̀ ni. Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò ka ìlà tó kàn mí fún Màmá. Ẹ bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà mi kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá àwọn Alákàbà wa mọ́tò sọ pé bí èsì ìbò bá ti jáde, ìlú yìí á fà ya bí àlòkù aṣọ. Wọ́n á pa iná gbogbo àdúgbò. Ẹ gbàdúrà fún wa. Ẹ sùn dáadáa o.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Asùnmáparadà,

Ṣé o ti kú ni? Bí o bá ti kú, ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún wa. Ìwé tí mo kọ ti pẹ́ níta, èsì ò dé. O ò pe ìyá rẹ. Bàbá rẹ ò béèrè rẹ, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀yìn àga ìyá rẹ kọjá nígbàkigbà tí fóònù bá dún, bí ẹni tó ń wá ìṣó.

Ní tiwa, orí àwọn èèyàn ti dàrú níbí. Lánàá, Onígbàjámọ̀ ń fá irùngbọ̀n fún Tíṣà, wọ́n sì ń jiyàn lórí ìbò. Ó na ọwọ́ sókè láti fi bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí hàn án, nígbà tí ọwọ́ máa balẹ̀, ìdajì túbọ̀mu Tíṣà ti lọ. Tíṣà ò jẹ́ kó fá ìdajì kejì. Ó ní ẹ̀rí lòun fẹ́ fi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò.

Fèsì.

Èmi ìyá bàbá rẹ.

Èmi Onígbàjámọ̀ ni. Ẹ̀bi mi kọ́ ni ọ̀rọ̀ túbọ̀mu. Alákàbà ni Tíṣà, ó ń mi orí.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Màmá àgbà,

Fóònù Aránṣọ tó wà ní òdìkejì ilé yín ni mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ka gbogbo rẹ̀ fún yín, kó má fo ìlà kan. Mo tún fi fọ́tò àwọn ìwé tí ẹ kọ sí mi tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kó ka èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn fún yín, lẹ́yìn orúkọ yín.

Mi ò kú. Mo ń lọ aṣọ tábìlì kan lọ́jọ́ yẹn, funfun gbòò, fóònù gbọ̀n nínú àpò mi, mo yọ ọ́ wò. Ọ̀rọ̀ iná tí wọ́n máa pa ni. Nígbà tí òórùn jíjó máa gbé orí mi sókè, áyọ́ọ̀nù ti ya àwòrán ara rẹ̀ sí àárín aṣọ náà, kedere bí òǹtẹ̀. Ọ̀gá wa ò pariwo. Ó ká aṣọ náà, ó ní tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí n máa lọ sílé.

Àyà mi ń lù kìkì, mo wá lọ rí dókítà. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní ọkàn mi ò lárùn, àníyàn ni. Ó bi mí pé kí ló ń bà mí lẹ́rù. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìbò wa fún un. Ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìlú tiwọn fún mi, ẹnu rẹ̀ ń hó, títí aláìsàn tó kàn fi kanlẹ̀kùn. Èmi ni mo wá ní kí dókítà ṣe pẹ̀lẹ́.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo kọ ọ́ sí Bàbá pé kí wọ́n má bínú, ẹnu mi ló ṣáájú orí mi. Mo wá fi ìròyìn díẹ̀ tẹ̀ lé e, àwòrán mẹ́fà péré, kí wọ́n lè rí ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀. Wọn ò fèsì.

Ilẹ̀kùn yàrá mi náà ò tì. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, á gbá gbì, màá ta jí. Ó rẹ̀ mí, Màmá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù kejì

Asùnmáparadà,

Aránṣọ òdìkejì ló ń kọ èyí. Bó bá ti kọ díẹ̀, á kà á sí mi létí kó tó kọ òmíràn. Bí mo ṣe wí ni wàá rí i.

Ó ka ohun tó wà nísàlẹ̀ orúkọ mi. Mo ní kó tún un kà. Mo wá ránṣẹ́ pe Onígbàjámọ̀. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ nǹkan kan, mo mọ̀ pé ó ti gbọ́.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ta ni mo ní kó o kọ?"

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín ni, Màmá."

"Ṣé èmi ni mo ní ìlú máa fà ya bí àlòkù aṣọ?"

"Rárá, Màmá. Ìfẹ́ ìlú ló ń gùn mí."

Mo ní, "Ìfẹ́ ìlú ò ní kó o sọ Tíṣà di onítúbọ̀mu ìdajì. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àpótí?"

Ó ní wọ́n ló jẹ́ òótọ́. Mo ní ta ni wọ́n. Ó ní oníbàárà òun. Mo ní ta ló sọ fún oníbàárà rẹ̀. Ó wá ní, "Ó jọ pé èmi ni, Màmá." Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un.

Mo ti gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì ti fún un lófin: bó bá ti mú abẹ tàbí ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Bó bá fẹ́ ṣòṣèlú, kó gbé abẹ sílẹ̀, kó bọ́ síta, kó dúró sínú oòrùn ṣe é. Oòrùn mú lánàá, kò pẹ́ tó fi wọlé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń sùn lórí àga báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ní èjìká òun ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò létí òun.

Ó kàn ọ́. Àlejò ni ìròyìn. Àlejò ní ibi tó ń jókòó sí, kì í bá onílé wọ yàrá. Gbé fóònù sí ilé ìdáná tàbí ibi tí bàtà wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, fọ ẹnu, jẹun, kó o tó lọ bá a níbẹ̀, kó o gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó o dìde. Bí o bá wà níbi iṣẹ́, aṣọ ni kó o máa wò. Mi ò ní kó o má fẹ́ràn ìlú rẹ. Ṣùgbọ́n ìlú tó o ń ṣọ́ láti òkèèrè láìsùn yìí, kì í ṣe pé bí o bá sùn ó máa ṣubú. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ ń sùn. Èmi ń hanrun.

Ní ti bàbá rẹ, ta ló ń tọrọ àforíjì tó ń kó ẹlẹ́rìí wá? Àwòrán mẹ́fà. Ẹjọ́ lo rò, ẹ̀bẹ̀ kọ́ lo bẹ̀. Má kọ nǹkan kan sí i mọ́. Ọkùnrin yẹn, bó o bá bá a jiyàn, á le bí igi ìrókò. Ohun tó mọ̀ ni kó o bi í. Káfíńtà ló bí ọ, ilẹ̀kùn rẹ ò sì tì. Orí fóònù ìyá rẹ ni kó o pè.

Èmi ìyá bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Màmá àgbà,

Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Aránṣọ. Fóònù mi ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ le. Mo dìde lọ wò ó bí ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo dìde lẹ́ẹ̀kan. Ó ti wá ń ṣe mí bí ẹni pé ilé mi fẹ̀ sí i.

Mo pe fóònù Màámi. Mo ní mo fẹ́ rí káfíńtà. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé e fún Bàbá, tí wọn ò sọ ẹni tó ń pè.

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Oníbàárà ni, sà. Ilẹ̀kùn mi ò tì."

Mo gbọ́ tí wọ́n ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wá ní, "Ibo ló ti ń há?"

"Ìsàlẹ̀ ni, lápá ibi kọ́kọ́rọ́. Ó ń wọ́lẹ̀."

"Òkè ni kó o wò, má wo ìsàlẹ̀. Hínjì òkè ló ti tú. Sùkúrúù rẹ̀ ń yí lófo, àbí?"

Mo lọ wò ó. Ó ń yí lófo. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, kí n ki igi ìṣáná bọ inú ihò rẹ̀ títí á fi kún, kí n ṣẹ́ èyí tó kù síta, kí n tó wá dè é padà. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi ṣe é. Bí mo bá ní ó ti mú, wọ́n á ní, "Dè é sí i. Ó ti ń rẹ̀ ọ́ ni." Màámi ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn pé oúnjẹ ti tutù. Ilẹ̀kùn náà tì, Màmá. Ó tì láìsọ̀rọ̀.

Ni wọ́n bá ní, "Bí nǹkan bá ti tú lókè báyìí, ìsàlẹ̀ lèèyàn máa ń dá lẹ́bi. Bíi ti àwọn Aláago yín wọ̀nyẹn tí wọ́n…" Màámi wúkọ́. Wọ́n dákẹ́. Èmi náà gé ahọ́n mi jẹ, ó ṣì ń dùn mí. Mo wá ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí…"

Wọ́n ní, "Ṣé ìṣáná kù nílé rẹ? Ra òmíràn." Wọ́n sì gbé fóònù fún Màámi.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí, tàbí ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n bá parí ìjà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Asùnmáparadà,

Aránṣọ ló ń kọ ọ́. Ilẹ̀kùn nìkan ni. Ṣùgbọ́n kò burú. Bàbá rẹ bi mí láàárọ̀ bóyá ilẹ̀kùn náà ṣì ń tì. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀, kó pè ọ́. Ó ní òun ń fá pákó.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìbò. Onígbàjámọ̀ wá pẹ̀lú omi tútù, ó ní, "Màmá, a jọ máa lọ ni o." Bàbá rẹ náà kan àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, pé kí n rí nǹkan jókòó lé bí a bá tò síbi ìdìbò. Mo mu omi, mo gba àga. Kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí mo tẹ̀ka sí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ka èsì, lọ síbi iṣẹ́. Má jókòó ti fóònù. Kíkà rẹ ò ní fi ìbò kan kún un.

Èmi ìyá bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá àgbà,

Mo fi fóònù sílé, mo lọ síbi iṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo lọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ sọ èsì fún mi, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ilé ni wọ́n á ti sọ ọ́ fún mi. Ọ̀gá yẹ aṣọ mi wò, kò rí nǹkan wí. Mo délé, mo jẹun, mo sùn. Nígbà tí mo máa jí, ẹ̀gbẹ́ tí mo fi lélẹ̀ náà ni mo ṣì fi sùn.

Mo ti jẹun tán báyìí, mo lè gbọ́ ọ. Lẹ́nu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ kí mi ná, kí ẹ tó sọ ọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Asùnmáparadà,

Aránṣọ ló ń kọ èyí. O kú iṣẹ́. O kú oorun. Mo ti kí ọ.

Aláago ló wọlé.

Má tíì fò sókè. Jókòó. Iná ò kú, ìlú ò ya. Omi ṣì ń wá bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ wá. Onígbàjámọ̀ bọ́ síta, ó fẹ́ yọ̀, kò rí ẹni bá yọ̀, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti sùn sórí àga. Ó padà wọlé lọ gbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló kù. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí èsì ti jáde, àfi èmi. Ó já àwòrán àkàbà kúrò lára ṣọ́ọ̀bù, àwọ̀ ògiri tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá yàtọ̀, kò sí bó ṣe máa fi pamọ́. Ó ń fá pákó tí ẹnikẹ́ni ò ní kó fá, pákó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di bébà. Ó ń dojú fóònù dé, ó ń ṣí i wò, ó tún ń dojú rẹ̀ dé. Àná ló gbé e wọ yàrá. Ìyá rẹ ní ó ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Ó tì mí lójú, Ìyá mi. Gbogbo wọn ló máa fi mí ṣẹ̀sín, ọmọ mi ló sì máa ṣáájú wọn."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò fi nǹkan kan kún un, Aránṣọ náà ò fi kún un.

Ìwọ lo mọ àìsàn náà. Ó ti ṣe ọ́ rí. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá borí ò ní lè tọrọ àforíjì mọ́. Mo fẹ́ kó o sọ mí di òpùrọ́. Nígbà tó o bẹ̀ ẹ́ níjọ́sí, ó lè rò pé ẹ̀rù ìbò ló ń bà ọ́. Báyìí tí kò sí ohun tó o fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Má dárúkọ Aláago. Má dárúkọ Alákàbà. Má sì fi ohùn ìbánikẹ́dùn kí i, kò sẹ́ni tó kú. Bẹ̀ ẹ́, kó o dákẹ́. Bó bá bú ọ díẹ̀, gbọ́ ọ, ó tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kó o wá sọ fún un ibi tí fóònù rẹ ń sùn, àti pé òun náà lè gbé tirẹ̀ síbẹ̀.

Òun ni kó o kọ́kọ́ pè. Orí fóònù tirẹ̀ ni kó o pè é, má gba ti ìyá rẹ lọ mọ́. Má pe ọ̀rẹ́ rẹ kankan láti bá a yọ̀ kó o tó pè é. Má kọ nǹkan kan síbi tí gbogbo ẹbí ti ń kà á. Bó bá gbé e, tí ẹ sọ̀rọ̀ tán, sọ fún ìyá rẹ, ìyá rẹ á sọ fún mi, èmi á sọ fún Onígbàjámọ̀ pé kó wá gẹrun fún bàbá rẹ, kó má sì la ẹnu. Bí kò bá gbé e, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tún un pè.

Èmi ìyá bàbá rẹ.